Èkó Ò Gba Gbẹ̀rẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Rin Títì Kan Jẹ́jẹ́, Kí Ẹ sì Rí Ohun Tó Wà Níbẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ṣáá: "Ojoojúmọ́ ni mò ń gba Broad Street kọjá, kí ló dé tí n kì í rí àwọn nǹkan tí ẹ máa ń sọ pé ó wà lára àwọn ilé ibẹ̀?" Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Ní Èkó, onílùú pàápàá kì í fi ríran, nítorí pé ọkàn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Ó ń wá ọkọ̀ tó fẹ́ kún, ó ń sá fún òjò, ó ń pe ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà yín ni pé kí ẹ máa rìn jẹ́jẹ́, kí ẹ máa wòkè wolẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, gọ́tà tí kò ní ìdérí ń dúró dè é, alábàárù sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó fẹ̀ ju èjìká méjì lọ. Òfin tèmi yàtọ̀, òun sì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé: bí ẹsẹ̀ bá ń rìn, kí ojú wà lọ́nà, bí ojú bá fẹ́ wo nǹkan, kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ dúró. Ìdúró gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹ ní láti mọ ibi tí ẹ máa dúró sí, bí ẹ ṣe máa dúró tí ẹnikẹ́ni kò fi ní fura sí yín, àti ohun tí ẹ máa wò.

## Kí ẹ tó kúrò nílé

Ọjọ́ àti àkókò. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dára jù fún wíwo ilé ní Erékùṣù Èkó. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á ti tì, agboòrùn àwọn ọlọ́jà kò ní bo ògiri, ẹ sì lè dúró ní òdìkejì títì láìsí pé ẹnikẹ́ni ń lé yín. Bí ó bá jẹ́ pé èèyàn àti iṣẹ́ ọwọ́ lẹ fẹ́ wò, ẹ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́ láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ń pàtẹ. Ẹ yẹra fún àyíká Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbòò ní Nnamdi Azikiwe Street lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má sì gbìyànjú Balógun nínú oṣù Kejìlá, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí èrò máa gbé yín lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ máa lọ sílé.

Ohun tí ẹ máa mú dání:

- Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, tó sì le nísàlẹ̀
- Ìwé kékeré kan àti báírò
- Owó kéékèèké, fún ẹ̀pà, píọ́ wọ́tà tàbí búrẹ́dì
- Fóònù, nínú àpò iwájú
- Káàdì Cowry, bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ ojú irin

Ohun tí ẹ máa fi sílé: ẹ̀rọ etí tí ẹ fi ń gbọ́ orin, kámẹ́rà ńlá, àti ẹnì kejì tó ń kánjú. Ọ̀rẹ́ tó bá ń wo aago á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bí ọjọ́ tí ẹ yàn bá ṣe kòńgẹ́ Ẹ̀yọ̀, ètò mìíràn nìyẹn. Sàǹdálì, irun ṣùkú, sìgá àti kẹ̀kẹ́ ológeere jẹ́ èèwọ̀ ní ọ̀nà tí Ẹ̀yọ̀ ń gbà. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un tàbí kí ẹ yan ọjọ́ mìíràn.

## Títì wo ni kí ẹ yàn?

Títì kúkúrú ni kí ẹ mú, èyí tí ẹ lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún bí ẹ bá ń rìn bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tí mo máa ń dárúkọ fún èèyàn nìyí:

- Kakawa Street. Ilé Omi ti ìdílé da Rocha wà ní nọ́ńbà 12. Ilé yìí ni àwọn ará Èkó ti máa ń ra omi kànga nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì délùú.
- Bámgbóṣé Street, Tọ́kunbọ̀ Street àti àyíká Campos, ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó padà dé láti Brazil. Ẹ óò rí òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yọ sára ògiri, ilẹ̀kùn onípákó, àti fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.
- Martins Street, fún Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló ya àwòrán ilé náà. Lọ́jọ́ Àìkú ni kí ẹ lọ, torí ọjà máa ń bo iwájú rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.
- Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, fún ẹ̀yin tó wà lókè odò. Àwọn títì ibẹ̀ gún régé, wọ́n sì dábùú ara wọn, èèyàn kì í sọnù níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Red Line máa gbé yín láti Àgbádó dé Ọ̀yíngbò, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Mile 2 lè wọ Blue Line dé Marina, kó fẹsẹ̀ rìn wọ Broad Street.

## Ìgbésẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

1. Ẹ kọ́kọ́ rìn ín já bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ẹ má dúró, ẹ má ya fọ́tò. Ohun tí ẹ ń wá ni: ibi tí gọ́tà ṣí sílẹ̀, ibi tí òjìji wà, ibi tí àwọn àgbàlagbà jókòó sí, àti ibi tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń kóra jọ. Ẹ óò ti mọ ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ṣeé dúró sí kí ẹ tó dé òpin títì.

2. Ẹ yan ohun kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn nìkan. Tàbí ìkọ̀wé ara ògiri nìkan. Tàbí irin ojú fèrèsé. Tàbí ohun tí àwọn èèyàn fi ṣe àga: àpótí, táyà, búlọ́ọ̀kù méjì tí wọ́n gbé pákó lé. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí gbogbo nǹkan á padà sílé pẹ̀lú "ibẹ̀ kún gan-an ni" lẹ́nu. Bí ilẹ̀kùn lẹ bá ń wá, àwọn nǹkan yòókù á máa fi ara wọn hàn yín fúnra wọn.

3. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ títì, ẹ dúró ní ibi àkọ́kọ́ tí ẹ ti mọ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ògiri tàbí òpó tó dúró dáadáa. Ẹ kí ẹni tó bá wà nítòsí kí ẹ tó gbé ojú sókè. Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí kíkí nísàlẹ̀, ẹ má fò ó.

4. Ẹ wo òdìkejì títì, ẹ má wo ilé tí ẹ fara tì. Ohun tó sún mọ́ wa jù kì í hàn dáadáa. Pẹ̀lú èyí, onílé tí ẹ dúró síwájú ilé rẹ̀ kò ní rò pé tirẹ̀ lẹ wá ṣe ọ̀fíntótó sí.

5. Ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo ibi tí ojú gùn dé, lẹ́yìn náà ẹ wo òkè. Ní títẹ̀lé ara wọn. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò.

6. Ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe bó ṣe rí lára yín. "Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, apá méjì, àgádágodo wà ní apá òsì, ìpẹta ti bo ìdè rẹ̀" wúlò. "Ilẹ̀kùn àtijọ́ tó rẹwà" kò wúlò.

7. Ẹ lọ síbi kejì, ẹ tún ṣe é. Bí ẹ bá dé òpin, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kejì padà. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò nìyí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdajì ohun tó wà lójú títì, ẹ̀gbẹ́ kejì ló wà.

8. Ẹ jókòó kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Freedom Park tó wà ní Broad Street, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ayé òyìnbó, dára fún èyí. Ẹ óò san owó ìwọlé, ṣùgbọ́n àga, igi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ fi nọ́ńbà ilé tó wà nítòsí sí i.

Nípa ọjọ́ yẹn: ẹ má gbàgbé rẹ̀ láé. Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú Square, ilé tí ìjọba ti kà mọ́ àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956, wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kọjá níwájú rẹ̀ láìmọye ìgbà tí kò lè sọ irú fèrèsé tó ní. Ó dùn mí dòní. Ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ lónìí lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù lọ́la.

## Ilẹ̀, ojú, òkè: kí ni kí ẹ máa wá?

### Nílẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ní Pópó Àgùdà, ẹ wo àtẹ̀gùn tó wọ inú ilé àtijọ́ dáadáa. Àárín rẹ̀ á ti jẹ, ó á ti tẹ̀ wọnú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì á ṣì ga. Ibi tó jẹ jù ni ẹsẹ̀ ń gbà jù. Nígbà míì ẹ óò rí i pé ọ̀tún ló jẹ, tí òsì ṣì mú gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n. Ẹ gbé ojú sí ilẹ̀kùn: apá méjì ló ní, àgádágodo tàbí ìṣó ńlá wà lára ti òsì. Wọn kì í ṣí i. Ìdílé náà ti ń fi apá kan ṣoṣo wọlé wọ̀de fún ìgbà pípẹ́ tó fi jẹ́ pé òkúta gan-an ti mọ̀ ọ́n. Irú nǹkan yìí ni mo ń pè ní rírí. Òkúta kan àti àgádágodo kan ti sọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú ilé náà, ẹ kò sì tíì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.

Ẹ tún wo ilé tí èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ wọ̀. Wọ́n ti da kọlọ́tà lórí kọlọ́tà, títì ti ga, ilé kò kúrò níbi tó wà. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ bóyá ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀. Omi òjò ló fà á, ó sì ń sọ ibi tí àgbàrá ga dé. Bí ẹnu ọ̀nà bá ní ìdènà kékeré tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, onílé ti mọ ìwà omi àdúgbò rẹ̀ nìyẹn.

Súláàbù gọ́tà náà, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Àwọn tó dà á máa ń fi igi kọ orúkọ tàbí ọjọ́ sí i kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ.

### Níbi tí ojú gùn dé

Ìkọ̀wé pọ̀ jù níbí, ẹ óò sì kọ́kọ́ rí "THIS HOUSE IS NOT FOR SALE". Gbogbo ọmọ Èkó mọ̀ ọ́n; àwọn oníjìbìtì tàbí ọmọ ìyá tó fẹ́ ta ilé ìdílé lẹ́yìn àwọn yòókù ló fà á. Ẹ ka ìyókù rẹ̀. Ta ni wọ́n ní ó pàṣẹ, ìdílé ni àbí lọ́yà? Ṣé ọwọ́ oníṣẹ́ pátákó ló kọ ọ́, tó fi ìlà tọ́ ọ, àbí ọwọ́ ẹni tó ń bínú, tó fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá kọ ọ́, tí ọ̀dà sì ṣàn sílẹ̀? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ ọ́, àbí wọ́n ti tún un kọ lé ara wọn?

Pósítà òkú ni mo máa ń ní kí èèyàn kà lẹ́yìn ìyẹn. Ó máa ń pẹ́ lára géètì ju ìsìnkú lọ. Orúkọ ìdílé wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀. Ní Campos, ẹ ó rí Pereira, da Silva, Salvador, Cardoso, tí orúkọ Yorùbá sì wà láàárín. Ẹ kà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀dà ti bó lára ògiri tàbí ilẹ̀kùn, ẹ ka àwọ̀ rẹ̀ láti òde lọ sínú: èyí tó wà lókè ni wọ́n kùn kẹ́yìn. Bí àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ilé mẹ́ta tó fara kanra bá jọra, ó ṣeé ṣe kí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jẹ́ ti olówó kan náà rí. Ẹ fi ìyẹn sí ìbéèrè, ẹ má fi sí ìdáhùn.

### Lókè

Ìsàlẹ̀ ilé ni owó ń yí padà. Ṣọ́ọ̀bù á di báǹkì, báǹkì á di ibi títa bàtà, wọ́n á fi páànù àti gíláàsì bo gbogbo rẹ̀. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì òkè ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Nítorí náà, ẹni tó ní ilé àtijọ́ ti tán ní Broad Street tàbí ní Balógun, ìsàlẹ̀ ló ń wò. Ẹ lọ sí òdìkejì, ẹ fara ti òpó, ẹ wo òkè páànù ṣọ́ọ̀bù: fèrèsé onípákó tẹ́ẹ́rẹ́, irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ bí ewé, ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà lára ògiri iwájú bí ẹ bá rí re.

Ẹ wo igi ọdán tó hù láti inú ògiri tó sán. Ẹ wo irin tí wọ́n fẹ́ fi ẹ́ẹ̀sì sí, tí ẹ́ẹ̀sì kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Bí ojú ọ̀nà bá sì rú yín lójú, ẹ wo àwo DStv: ọ̀pọ̀ wọn ní Èkó ló kọjú sí ìlà oòrùn, torí ìhà ibẹ̀ ni sátẹ́láìtì náà wà.

## Bí ẹ ṣe lè mọ ọjọ́ orí nǹkan láìbéèrè

Lẹ́tà díẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ dà á kọ sí ẹ̀yìn ìwé yín:

- ECN (ilé iṣẹ́ iná ìjọba nígbà náà) lára òpó, àpótí iná tàbí mítà: ó ti wà ṣáájú 1972.
- NEPA: láti 1972 sí 2005.
- PHCN: láti 2005 sí 2013. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé iṣẹ́ aládàáni gba iná. Eko Electricity ló gba ti Erékùṣù nígbà náà.
- P&T lára ìdérí irin tó wà nílẹ̀: tẹlifóònù ìjọba kí NITEL tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985.
- Pátákó tó ní nọ́ńbà tẹlifóònù tó fi 01 bẹ̀rẹ̀ nìkan, tí kò ní nọ́ńbà fóònù alágbèéká: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ṣáájú oṣù Kẹjọ ọdún 2001, nígbà tí GSM dé.

Ẹ ṣọ́ra, lẹ́tà ń sọ ọjọ́ orí ohun tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan. Òpó NEPA lè wà níwájú ilé tí wọ́n kọ́ lọ́dún tó kọjá. Ẹnu èèyàn sì máa ń dá ọjọ́ ọ̀rọ̀ dúró ju irin lọ: bí iná bá dé báyìí, ẹ ó gbọ́ tí àwọn ọmọdé pariwo "Up NEPA!" bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì bí wọn nígbà tí NEPA wà.

## Kíkí: ohun tó ń fún yín láyè láti dúró

Ẹni tó bá dúró, tó ń wo ilé onílé ní Erékùṣù, ohun mẹ́ta ni wọ́n lè rò: ẹni tó fẹ́ ra ilé, òṣìṣẹ́ ìjọba, tàbí olè. Wọn kò ṣìwà hù. Ilé ìdílé tó ti fa ẹjọ́ pọ̀ níbẹ̀, ilé tí ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí náà pọ̀. Kíkí ló máa yọ yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú wíwò. Ẹni tó bá wo ilé tán kó tó kí èèyàn ti pẹ́.

Ẹ kí oníkálùkù bó ṣe yẹ. "Ẹ kú àtẹ o" fún ẹni tó pàtẹ, "Ẹ kú ìjókòó o" fún àwọn bàbá tó jókòó síwájú ilé, "Ẹ kú iṣẹ́ o" fún oníṣẹ́ ọwọ́. Bí ẹ bá kéré sí wọn, ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ẹ tẹrí ba. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ òtítọ́ ní gbólóhùn kan. Báyìí ló ṣe máa ń lọ láàárín ọ̀dọ́ kan àti ìyá tó ń ta ẹ̀pà:

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú àtẹ o."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ rà?"

"Ẹ fún mi ní ẹ̀pà, mà. Ẹ má bínú, òdòdó tó wà lórí fèrèsé òkè yẹn ni mò ń wò. Ṣé mo lè dúró síbí fúngbà díẹ̀?"

"Ṣé kò sí o? Ìjọba ló rán ẹ ni?"

"Rárá o, mà. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà ló wù mí."

"Ó dáa. Má dúró lójú gọ́tà yẹn, súláàbù ẹ̀ ti là. Bọ́ sápá ibí."

Ẹ ti rí ibi ìdúró, ẹ ti mọ súláàbù tó là, ìyá náà á sì máa ṣọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́. Tí ó bá tún wù ú, á sọ ẹni tó kọ́ ilé náà fún yín. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n sọ fún yín, kí ẹ tún bi ẹlòmíràn.

Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá wá béèrè owó, ẹ má ṣe agídí, ẹ má sì sá. Ẹ kí wọn, ẹ pe ẹni tó dàgbà nínú wọn ní ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ yí padà sọ́dọ̀ ìyá tó ti mọ̀ yín. Bí kò bá rọ̀, ẹ kúrò. Títì mìíràn wà.

## Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀nyí

- Ilé tó ti sán. Bí ẹ bá rí X pupa tàbí lẹ́tà LASBCA (àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó) lára ògiri, ẹ lọ dúró ní òdìkejì, ẹ má dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀. Ẹ rántí ilé tó wó ní Ìta Fájì ní oṣù Kẹta ọdún 2019, tí àwọn ọmọ iléèwé wà nínú rẹ̀.
- Fọ́tò. Ẹ má ya báǹkì, àgọ́ ọlọ́pàá, ibùdó sójà tàbí àwọn tó wọ aṣọ ìjọba. Ẹ má ya ojú ọmọdé láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà. Àgbàlagbà náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.
- Fóònù. Ẹ yọ ọ́, ẹ ya ohun tí ẹ fẹ́ yà, ẹ dá a padà. Ẹ má dúró sétí títì máa wo fọ́tò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà.
- "Ẹ yàgò!" Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ wò ó lẹ́yìn tó bá kọjá. Alábàárù kò lè dúró lójijì pẹ̀lú ẹrù.

## Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn ya fọ́tò àádọ́ta kó má sì wo ọ̀kan. Fóònù ti rí i, ojú kò rí i. Ẹ wò ó tán, ẹ kọ ọ́ tán, kí ẹ tó yà á.

Èkejì ni fífi ìtàn sí nǹkan lórí. Ẹ rí bàtà ọmọdé kan lójú fèrèsé, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọmọ tó ni ín. Bàtà ni ẹ rí. Ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀, ẹ kọ ẹsẹ̀ tó jẹ́, ẹ kọ bóyá eruku wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni fífẹ́ gbogbo Erékùṣù lọ́jọ́ kan: Marina, Tinúbú, Ìdúmọ̀tà, Jankárà, Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹsẹ̀ á ro yín, kò sì sí ohun tí ẹ máa lè sọ nípa ọ̀kankan. Títì kan, ẹ̀gbẹ́ méjì, ó tó fún àárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ padà sí títì yẹn kan náà lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó lọ síbòmíràn. Ẹ óò rí i bí ohun tí ẹ fojú fò ṣe pọ̀ tó.

## Bí rírìn kò bá ṣeé ṣe

Fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí tó ti dàgbà. Ẹ jókòó síbì kan fún wákàtí kan. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jókòó sí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ohun tó ń kọjá lẹ máa wò: irú ẹrù tó ń lọ apá ibí, irú èyí tó ń bọ̀ láti apá ọ̀hún, ẹni tó mọ ẹni.

Fún ẹni tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ wo ojú fèrèsé ọkọ̀, òkè ilé nìkan. Bí ọkọ̀ yín bá ga, ẹ lè rí ohun tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lábẹ́ agboòrùn ọlọ́jà kò lè rí.

Fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Etí ni kí ẹ lò, kò sì rẹlẹ̀ rárá. Òbíọmá, télọ̀ alárìnká, ń fi sísọ́ọ̀sì lu ara ẹ̀rọ ìránṣọ tó gbé léjìká. Ṣúméká ń fi igi lu àpótí rẹ̀. Oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, tó ń ra àlòkù, ń ké. Ẹ gbọ́ èyí tó kọ́kọ́ kọjá láàárọ̀, àti ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń padà bọ̀: ohùn máa ń dún padà láàárín pẹ́tẹ́ẹ̀sì méjì tó kọjú síra, ó sì máa ń tú ká bó bá dé oríta. Ẹ óò mọ ibi tí títì fẹ̀ àti ibi tó fún láìlajú.

Fún ẹni tó mú ọmọdé dání. Ẹ fún un ní ohun kan kó máa kà: ilẹ̀kùn pupa, ológbò, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú níhà ògiri, ẹ̀yin ní kí ẹ wà níhà títì.

Bí òjò bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà. Ẹ tọrọ àyè lábẹ́ páànù ẹnì kan, ẹ kí i, ẹ sì máa wo omi. Ẹ wo ibi tó ti ń ṣàn wá, gọ́tà tó gbà á àti èyí tó ń tú u jáde, ilé tó ti gbé pákó sí ẹnu ọ̀nà kí omi tó dé. Bó bá dá, ẹ má tètè kúrò níbẹ̀. Omi máa ń bo súláàbù tó là, nítorí náà ẹ dúró kí ará àdúgbò kan kọ́kọ́ kọjá, kí ẹ sì gba ibi tó gbà.